Ọmọ mi ń fi ìgò bu omi ìdọ̀tí l'Ékòó: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí omi

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, òjò ló sì fà á. Gbogbo ìgbà tí àgbàrá bá ti gba ojú títì Lágere n'Ílé-Ifẹ̀ ni ẹ̀yin òǹkàwé máa ń rántí mi. Ẹ ṣeun. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé lójú ìwé yìí: ọdún 31 ni mo fi yẹ omi wò ní yàrá àyẹ̀wò kan n'Ílé-Ifẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fi mẹ́sàn-án nínú ọdún wọ̀nyẹn lọ máa bu omi ní Ọ̀sà Èkó. Lẹ́tà ìyá kan láti Iléṣà ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mo sì rí ìyá tèmi nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: *Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Ọmọbìnrin mi jáde yunifásítì, ó tún wọlé láti gba oyè kejì, inú mi sì ń dùn. Àfi bí mo ṣe rí fọ́tò kan lórí fóònù rẹ̀. Òun nìyẹn nínú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó na ìgò sínú omi dúdú kan tí pámpáàsì ọmọdé ń léfòó lórí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí òun nìyẹn, pé òun ń wá ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọ̀sà. Mọ̀mí, aṣọ ni mo tà tí mo fi rán ọmọ yìí níwèé. Ṣé ẹni tó kàwé ló yẹ kó máa bu omi ṣaláńgá? Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni wọ́n ń fi omi náà ṣe? Ṣé kò ní kó àrùn níbẹ̀?* (Ìyá ọmọ, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ ká ti ilé yín bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín. Kí ni ẹ fi ń ki ọba yín? Ọwá Ọbòkun. Ìtàn tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ni pé nígbà tí ojú ń dun Odùduwà n'Ífẹ̀, omi òkun ni wọ́n ní yóò wò ó sàn. Ajíbógun ló dìde tó lọ bù ú, tó gbé e dé Ifẹ̀. Ẹni tó lọ bu òkun wá, òun ni Ọbòkun. Iṣẹ́ ọmọ yín kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó lọ sí etí òkun, ó bu omi, ó gbé e wálé kí àwọn tí kò ríran lè ríran. Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì gbé orí sókè.

Ọ̀sà Èkó fẹ̀ lọ súà, àmọ́ kò jìn. Bí a bá pín jíjìn rẹ̀ dọ́gba, kò ju bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń kún wọlé láti ẹnu èbúté, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà padà. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá dà sínú rẹ̀ kì í dágbére lójú ẹsẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni táńkà tó ń fa sọ́kàwéè fi ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìddó. Ní Mákòókó, orí omi ni ilé wà, inú omi náà sì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń já sí. Èyí tí ojú kì í kà sí ni àgbàrá. Òjò kan á rọ̀, á fọ gọ́tà, á fọ ààtàn, á fọ ọ́ìlì ilẹ̀ mẹkáníìkì àti ìgbẹ́ adìẹ, gbogbo rẹ̀ á gba kánààlì lọ sínú ọ̀sà láàárín wákàtí kan. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù nínú wọn, torí ìdọ̀tí oṣù mẹ́rin márùn-ún ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń kó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi máa ń sáré jáde nígbà tí gbogbo èèyàn ń sáré wọlé. Ẹni tó bá lọ bu omi lọ́jọ́ tí oòrùn mú nìkan, ó parọ́ fún ara rẹ̀.

Wàyí o, ó ní òun ń wá ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ E. coli, inú ìfun ènìyàn àti ẹran ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìpasẹ̀ ni a fi í ṣe: bí a bá ti rí i nínú omi, a mọ̀ pé ìgbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, àti pé kòkòrò onígbáméjì tàbí ti táífọ́ọ̀dù lè tẹ̀ lé e. Omi oníyọ̀ àti oòrùn tètè ń pa E. coli. Torí ìyẹn, etí òkun ni wọ́n ti sábà máa ń wá ẹlòmíràn tó le jù ú lọ, enterococci. Ní Amẹ́ríkà, bí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ju 35 lọ nínú 100 mílílítà omi òkun, wọn kì í ka ibẹ̀ sí ibi tó yẹ kí èèyàn ti lúwẹ̀ẹ́. Ti E. coli nínú odò tí kò níyọ̀, 126 ni.

Báwo la ṣe ń kà á? Ìgò tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ ni ọmọ yín ń lò. Yóò dojú rẹ̀ dé, yóò tì í wọ omi títí omi á fi bo ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá yí ẹnu ìgò sókè, kí ó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí omi tó kan ọwọ́ rẹ̀ má baà wọ inú ìgò. Kò ní bù ú kún dé ẹnu. Tó bá dé lábù, yóò da omi náà gba orí bébà pẹlẹbẹ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò kò lè kọjá. Bébà yẹn ni yóò tẹ́ sórí oúnjẹ kòkòrò nínú abọ́ kékeré, tí yóò sì gbé sínú àpótí tí ooru rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní 44.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ wá wò ó: kòkòrò kọ̀ọ̀kan tó là á já ti di ìdílé, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì hàn bí ẹ̀kán aró, búlúù bí ẹlu. Ẹ ó jókòó, ẹ ó máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. À ń fẹ́ kí ó wà láàárín 20 sí 60 nínú abọ́ kan. Omi ẹ̀bá Ìddó, bí a kò bá fi omi mímọ́ là á ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo abọ́ á bò bámúbámú, kò ní ṣeé kà.

Ìgò kan tún wà tí n kò lè gbàgbé. Òun la fi ń wá afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. A máa ń kán oògùn méjì sí i nínú ọkọ̀ níbẹ̀, kí a tó kúrò lójú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, ohun kan á dì nínú ìgò náà, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí èlùbọ́. Bí kò bá sí, á funfun bí ògì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́nu kánààlì kan ní Èbúté Mẹ́ta, mo kán oògùn náà, mo mi ìgò, mo sì ń retí èlùbọ́. Ògì ni mo rí. Mo tún un ṣe nínú ìgò kejì, ògì. Atukọ̀ wa, bàbá apẹja kan, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ìyẹn ni pé ẹja ò lè gbé ibí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ibẹ̀ ni bàbá òun ti ń dẹ àwọ̀n fún òbòkún. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Ìyá ọmọ, iṣẹ́ náà tún le ní ọ̀nà tí fọ́tò kò lè fi hàn yín. Láàárín wákàtí mẹ́fà ló yẹ kí omi inú ìgò ti dé lábù, kí ó sì wà nínú yìnyín ní gbogbo ọ̀nà. Bí ó bá pẹ́ jù, kòkòrò á kú tàbí kí ó bí sí i, kíkà ti di irọ́ nìyẹn. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ máa gbé omi Èkó bọ̀ n'Ífẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tirela kan ṣubú dábùú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbé kúlà lé, mo ń ra yìnyín olómi ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń tà láàárín mọ́tò, mo ń tú u lé ìgò lórí. Aago mọ́kànlá òru la dé. Ọ̀gá wa wo aago tí mo kọ sára ìgò àkọ́kọ́, ó wo ojú mi, ó sì da gbogbo ìgò 24 náà sínú síǹkì. Mo sunkún. Ó ní kí n sun ún dáadáa, pé òun kò lè kọ nọ́ńbà tí òun kò gbàgbọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, a wá àyè sí lábù kan l'Ékòó. Ẹ bi ọmọ yín bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ bi í.

Ní ti àrùn, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ rí i dájú pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù àti ti àrùn ẹ̀dọ̀. Kí ó má lọ bí egbò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má jẹ nǹkankan nínú ọkọ̀, ì báà ṣe gúgúrú. Kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan fóònù tó fi ya fọ́tò yẹn. Kí ó sì wọ ẹ̀wù ìléfòó, torí omi tó ń gbé èèyàn lọ kì í béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ìbéèrè: *Mo kí yín. Ẹ kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé kí onílé má tú sọ́kàwéè sínú gọ́tà nígbà òjò. Ilé-Ifẹ̀ là ń gbé, kò sí òkun níbí. Òjò á gbá a lọ. Ta ló ń pa lára? Kànga mi náà kò ju ìṣísẹ̀ 12 lọ sí sọ́kàwéè, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara, mo sì ń fi álọ́ọ̀mù sí i.* (Bàbá onílé, Lágere)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹ sọ pé òjò á gbá a lọ. Ó ń gbá a lọ síbo? Àwọn odò kéékèèké tó la ìlú wa kọjá, Ẹsìnmìrìn tí Mọrèmi bá ṣẹ̀jẹ́ wà lára wọn, inú odò Ọ̀pá ni wọ́n ń lọ. Lórí Ọ̀pá ni yunifásítì ti sé omi láti 1978, omi tí ọmọ yín tàbí ọmọ ọmọ yín mu bí ó bá kàwé níbẹ̀. Ọ̀pá ń lọ bá odò Ṣásà, gúúsù ni Ṣásà dorí kọ. Gúúsù kan náà ni odò Ọ̀ṣun tó ti Èkìtì ṣàn wá ń lọ, inú ọ̀sà Lẹ́kí ló ń wọ̀, ọ̀sà Lẹ́kí sì so mọ́ ti Èkó. Àwa ará òkè là ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn ará ìsàlẹ̀, a kì í sì í kọ orúkọ wa sí i lára.

Aládùúgbò kan wà tó ń ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yìí sí mi. Òru ni, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, yóò ṣí páìpù. Òórùn á jí wa. Nígbà tí mo yẹ omi kànga mi wò lọ́dún náà, gaara ló mọ́ bíi tiyín, ẹ lè ka ìwé nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ náà kún fún ẹlu. Omi tí mo fi ń wẹ ọmọ ọmọ mi ni. Mo gbé abọ́ náà lọ hàn án, mo kúnlẹ̀ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ti yí padà, Bàbá. Onílé ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àgbàrá báyìí.

Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò. Ẹ se omi náà kí ó hó dáadáa fún mímu láti òní lọ. Bí ẹ bá tún máa gbẹ́ kànga, ó kéré tán kí ó jìnnà ní mítà 30 sí sọ́kàwéè, kí ó sì wà lápá òkè ilẹ̀. Bí sọ́kàwéè bá kún, ẹ pe àwọn tó ń fà á, ẹ sì bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ dà á sí. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: *Mọ̀mí, mo wà ní ọdún kẹta, mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé omi tó bá ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?* (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Irọ́ ni, ọmọ mi. Ní Hawaii, apá òkun kan wà tó wọ inú ilẹ̀, Kaneohe lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da omi ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú sínú rẹ̀. Iyùn tó ń hù nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, irú èyí tí à ń rí nínú àwòrán, ewé omi kan tó dà bí ìfóòfó bò ó, ó sì ń pa á. Láàárín 1977 sí 1978, wọ́n gba omi ìgbọ̀nsẹ̀ náà lọ sí ojú òkun gbalasa. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn onímọ̀ ti ń wọn omi yẹn kí wọ́n tó gbé páìpù kúrò, wọn kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìméfò: omi tètè mọ́ sí i, èérí inú rẹ̀ dín kù. Ewé omi yẹn kò tètè lọ ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi fara mọ́ ibẹ̀.

Ìdí rèé tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ àti ajílẹ̀ oko, oúnjẹ ni wọ́n fún ewéko. Bí wọ́n bá dé inú omi, ewé omi á máa hù bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Bó bá kú, kòkòrò á jẹ ẹ́, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹja mí. Ẹ wo ewéko olódòdó elésè àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ l'Ékòó, tó jọ ojúoró ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ojúoró. Ọdún 1984 ló kọ́kọ́ yọjú nílẹ̀ wa, lápá Àgbádárìgì. Iyọ̀ ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á sì tún gbé e dé. Bí o bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ yìí, wá, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Kọ́ ìṣirò dáadáa, kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: *Ṣé ká má jẹ ẹja ọ̀sà mọ́ ni?* (Ìyá ẹlẹ́ja, Ọjà Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ máa tà á. Ẹ yọ ìfun àti ìjàgbọ̀n rẹ̀ kúrò, ẹ sì sè é jinná. Iná ń pa kòkòrò. Àwọn oníkarawun tó ń sẹ́ omi gba ara wọn kọjá ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí wọ́n ń kó ohun tó wà nínú omi jọ sára. Ẹ má jẹ wọ́n ní àìjinná láéláé.

Ìbéèrè: *Olùkọ́ ni mí ní Iléṣà. A kò ní lábù. Ṣé ohun kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè wọ̀n fúnra wọn?* (Olùkọ́, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ó wà, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Ẹ wá ìdérí agolo ọ̀dà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ pín in sí mẹ́rin bí ẹni ń gé búrẹ́dì róbótó, ẹ kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun, kí àwọ̀ kan má ṣe dúró ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lu ihò sí àárín, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, ẹ so òkúta sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí okùn náà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Àlùfáà kan ará Ítálì tó ń jẹ́ Angelo Secchi ló ti lo irú rẹ̀ lójú òkun ní 1865, títí dòní sì ni a ń lò ó. Orí afárá tó ní irin ìdìmú ni kí ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀ sínú odò, àgbàlagbà ni kó di okùn mú, kí ọmọ kankan má ṣe wọ omi. Ibi tí ẹ kò bá ti rí funfun rẹ̀ mọ́, ẹ ka àmì okùn. Ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá ti tún yọ, ẹ ka ìyẹn náà, kí ẹ sì pín méjèèjì dọ́gba. Ẹ ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní aago kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òjò rọ̀ lánàá. Bí ẹ bá ti ṣe é dé ìparí táàmù, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ odò yín. Màá tẹ nọ́ńbà àwọn ọmọ náà jáde sójú ìwé yìí.